Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Ní Kó Má Gbà

Ọdún tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìbòmú kòrónà kúrò lójú ni, ní ìlú Cuneo ní Ítálì, níbi tá a ti ń ṣa ápù sínú páálí. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà náà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń bi mí bóyá ó yẹ kí iléeṣẹ́ fi dandan kọ́ òṣìṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹlòmíì nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó yẹ. Ẹ ṣáà gbọ́ ìyókù.

Renzo, capo tó ń darí iṣẹ́ wa, ló mú Ṣèrífátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, lọ sídìí ẹ̀rọ omi lójú gbogbo wa, ó ní kó fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọ̀ dúdú rẹ̀ má bàa ran ápù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo la béèrè: corso, ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn fún gbogbo òṣìṣẹ́, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Renzo jáde wá bá wa lẹ́nu géètì, ó ká fìlà mọ́wọ́.

Ó wí fún Ṣèrífátù pé, “Signora, scusi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣìwà hù.”

Ṣèrífátù wojú mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gbà á. Lójú gbogbo èèyàn ló ti dójú tì mí. Lójú wọn náà ló ti ń bẹ̀ mí yìí.”

“Má dá a lóhùn. Tó o bá gbà á, direzione, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́, máa ní ìjà ti parí, wọn ò ní ṣe corso kankan.”

“Corso kọ́ ni mo fẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ kó bẹ̀ mí ni.”

“Ṣé tìẹ nìkan ni? Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́?”

Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀. Kí ni Ṣèrífátù tún fẹ́ sọ? Ó kẹ̀yìn sí Renzo. Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀, ó wọlé padà.

A ṣẹ́gun. Wọ́n kó gbogbo wa jọ sí mensa níbi tá a ti ń jẹun, obìnrin kan wá láti Turin wá kọ́ wa, Renzo sì fọwọ́ síwèé. Mi ò ní parọ́: láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́. Àwọn tó ń wọṣẹ́ níbẹ̀ lónìí ò mọ ohun tójú wa rí, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n Renzo ò kí Ṣèrífátù mọ́. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ò rí ara wọn, títí ọmọ náà fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìlú Padua ló wà báyìí, ó ń dirun fáwọn èèyàn.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó kúrò nílé. Ìjàkadì ló mú mi gbàgbé. Bá a bá tún bẹ̀rẹ̀ lónìí, màá ṣì béèrè corso yẹn, àmọ́ màá jẹ́ kí ọmọ náà dá ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ lóhùn.

Renzo bẹ̀ ẹ́. Èmi ni ò tíì bẹ̀ ẹ́.