Àgbélébùú Tí Mo Fà Sára Ilẹ̀kùn

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta lọ́jọ́ tí ìjà ẹ̀sìn dé àdúgbò wa lókè Ọya. Èéfín la kọ́kọ́ rí. Kí n tó ní kí wọ́n kó ìwé, àwọn òbí ti ń fa ọmọ jáde lójú fèrèsé. Mo sáré relé, ṣọ́ọ̀kì kan ṣì wà lápò mi.

Wọ́n ní àwọn tó ń bọ̀ wá gbẹ̀san, ọmọ ìjọ tiwa ni, wọn ò ní fọwọ́ kan ilé tó bá ní àgbélébùú. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fà á gàdàgbà sára ilẹ̀kùn mi. Ni Ìyá Ràfíù bá jáde. Mùsùlùmí ni, ògiri kan ló là wá. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń jẹ ẹran Iléyá rẹ̀, tóun náà ń jẹ ìrẹsì Kérésì wa.

"Ìyá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fà á sí tèmi náà."

Ẹ̀rù bà mí. Tí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo fà á ńkọ́? Mo ní, "Ṣọ́ọ̀kì ti tán, Ìyá Ràfíù."

"Ó dáa. Ọlọ́run á ṣọ́ wa." Ó wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta lèmi àti Bọ́lá fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gààrí gbẹ là ń jẹ. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ bo Bọ́lá lẹ́nu. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, a bá òkú rẹ̀ nílé, a sin ín. Iléyá ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn wa.

Ọ̀dọ̀ Bọ́lá ni mò ń gbé báyìí lókè òkun, ní àdúgbò Abbeydale. Ní Saturday, ṣọ́ọ̀ṣì wa àti mọ́ṣáláṣí kan máa ń kó àwọn ọmọ jọ sí basement kan, yàrá abẹ́ ilé, ní Forest Lawn nítòsí wa, ká kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa bára wọn gbé. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún wọn, àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣọ́ọ̀kì ti tán lóòótọ́. Àgbàyà ni mí. Irọ́ ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó wé híjáàbù nawọ́.

"Grandma, if you had more chalk, would you have done hers?"

Mo ní, "Ṣọ́ọ̀kì ò tán, ọmọ mi. Mo purọ́ fún un ni."

Ọmọ náà kàn rọra sọ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀.

Nínú mọ́tò, mi ò lè wojú Bọ́lá. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mummy, mo mọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ sùn lọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo yọ ṣọ́ọ̀kì náà lápò yín. Mo fi ya ilé sílẹ̀ẹ́lẹ̀."