Èéwo Inú Ọmú

Ọmọ mi ń mu ọmú òsì lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí ìrora kan ta mí láti orí ọmú wọ inú àyà. N kò mọ ìgbà tí mo já a kúrò lẹ́nu rẹ̀. Rọ̀fíátù ni àkọ́bí mi, kò sì tíì pẹ́ tí mo bí i. Orí ọmú náà ti là díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ìyá tí mo bi léèrè ló ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

Kí ó tó di ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ kan ọmú náà ti pọ́n, ó le, ó sì gbóná bí ohun tí wọ́n yọ nínú iná. Òtútù ń mú mi nínú oòrùn Ṣàgámù. Ọkọ mi ti kó obì lọ sí òkè Ọya. Èmi àti ìyá rẹ̀, Alhaja, la wà nílé ní àdúgbò Ibido.

"Wàrà ló dì," Alhaja wí. Ó ń fi aṣọ tó rì sínú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún mi, jẹ́jẹ́, síbẹ̀ omi ń dà lójú mi. Ó ní kí n má fún ọmọ ní ọmú náà mọ́, kí wàrà tó bàjẹ́ má baà pa á lára. Mo gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ọmú lọ. Mo rò pé ara mi ti ń ṣe májèlé fún ọmọ mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ojú ibi tó le náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù. N kò lè gbé apá sókè. Alhaja wò ó, ó sì na ọwọ́ mú ọ̀já.

"Èyí ti kọjá omi gbígbóná. Dìde, ká máa lọ sí ọsibítù."

Ó pọn ọmọ, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni ọmú mi mọ̀. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí. Ọmọ ń ké, mo ń fún un ní ọmú ọ̀tún, mo ń wo ilẹ̀kùn.

Dókítà náà, obìnrin kan tí kò dàgbà jù mí lọ, fi ẹ̀rọ wo inú ọmú náà. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára awọ ẹ̀dá ló gba ojú ibi tó là wọlé. Wàrà tó dúró sójú kan ló fún wọn láyè láti pọ̀ sí i. Ara mi bá wọn jà, ọyún sì gbára jọ: èéwo inú ọmú nìyẹn.

"Dókítà, ṣé wàrà mi ti ṣe ọmọ mi ní nǹkan?"

"Rárá, mà. Ẹ máa fún un lọ́mú. Bí ti òsì bá ń dùn yín jù, ẹ máa fi ọwọ́ fún wàrà rẹ̀ jáde. Bó bá dúró síbẹ̀, ńṣe ni yóò máa le sí i."

Alhaja ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

N kò ní parọ́: abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú ta mí gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀, fífà nìkan ni mo ń mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ńlá fa ọyún náà jáde. Kí wọ́n tó tán, mo mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọyún tún gbára jọ, wọ́n tún fà á, ọkàn mi sì rẹ̀wẹ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kí n lo oògùn tí wọ́n fún mi tán, bí ara tilẹ̀ yá, torí kòkòrò tó bá ṣẹ́kù lè padà wá, kí oògùn má sì ràn án mọ́.

Nígbà tó yá, ibà lọ, wíwú náà sì lọ sílẹ̀. Mo gbé Rọ̀fíátù sí ọmú òsì, ẹ̀rù ń bà mí. Ó fà á. Kò dùn mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi ń wò mí.

Mo ti bínú sí ara mi, láìmọ̀ pé òun gan-an ló ń jà fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, tó gbà láti kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun lọ́jọ́ ogbó. Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tó ń bá ìyàwó àdúgbò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sọ̀rọ̀: "Bí ọmú bá pọ́n, tí òtútù ń mú ọ, má wá bá mi. Gba ọsibítù lọ, kí o sì gbé ọmọ rẹ dání, kó máa mu ọmú lọ."