Jẹ́jẹ́ àti Ọkọ̀ Tó Ń Kọsẹ̀ Lórí Eré

Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́jẹ́. Àwọn ọkọ̀ tó yára jù ní ìlú ni wọ́n ń gbé wá bá a, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í sáré, kì í sì í pariwo. Bó bá ń rìn lọ lójú ọ̀nà, ẹni tó ń kánjú á kí i, á kọjá, á débi tó ń lọ, á jíṣẹ́ tán, á sì tún padà wá bá a lójú ọ̀nà kan náà. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ìyá ṣe ń dá ẹkún ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín ẹkún ọmọ púpọ̀ ló ṣe ń dá ohùn ẹ́ńjìnnì mọ̀. Á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní púlọ́ọ̀gì báyìí ni, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà ló ń gbé, nínú yàrá méjì tí òórùn ọ́ìlì ti wọ ara ògiri rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà lọ́dọ̀ ọkọ ní ìlú tó jìnnà. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀, ọmọ yìí bẹ̀ ẹ́ pé kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá máa gbé pẹ̀lú àwọn. Jẹ́jẹ́ tí kì í bínú, inú bí i lọ́jọ́ náà. Ó bi í bóyá òun ti di àlòkù tí wọ́n ń kó sí yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ náà sunkún wọ mọ́tò lọ. Fún ìgbà díẹ̀, ó máa ń pè é lórí tẹlifóònù ara ògiri, wọ́n á kí ara wọn bí àlejò, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Nígbà tó yá, tẹlifóònù dákẹ́. Jẹ́jẹ́ ní kò burú. Ó ní ọmọ tó bá mọ̀ pé òun ní bàbá ló yẹ kó pè, àgbà kì í wá ọmọdé kiri. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan yí po, òmíràn sì tẹ̀ lé e.

Kò sẹ́ni tó rí i pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń jẹ ẹ́. Lójú iṣẹ́, ó ń bá oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ tán, á jókòó sórí táyà, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ẹyẹ orí igi ẹ̀yìnkùlé pàápàá, ó gbà pé wọ́n ti ṣí lọ.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan gbé ọkọ̀ pupa kan wá, ọkọ̀ asáré tó lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn ní láti tẹ̀ ba kó tó lè wọ̀ ọ́. Olùkọ́ orin ni obìnrin náà, ó ti fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń gbé ọkọ̀ náà lọ sí pápá eré ọkọ̀ lẹ́yìn ìlú. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti yí. Ó ní bó bá tiẹ̀ yí, orí òun ni, òun ò yá ti ẹnikẹ́ni.

Ó ṣàlàyé pé bí òun bá ń rọra lọ, ọkọ̀ náà ń kọrin. Àmọ́ tí òun bá tẹ iná, tí ẹ́ńjìnnì gòkè débi tó yẹ kó ti fò, ńṣe ló ń kọsẹ̀, bí akọrin tí èémí já mọ́ lẹ́nu. Jẹ́jẹ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń fún wọn ní iná. Ó tẹ iná, ó tẹ́tí. Ohun tó gbọ́ mọ́ rekete. Ó ní ó ti parí. Kò pẹ́ tí Olùkọ́ fi padà dé. Jẹ́jẹ́ so aago tó ń wọn epo mọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀, ó rí i pé epo ń lọ déédéé, ó tún tẹ́tí, ó ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí obìnrin náà wá lẹ́ẹ̀kẹta, inú Jẹ́jẹ́ ti fẹ́ máa ru. Ó tẹ iná ní ìbínú, kí obìnrin náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Olùkọ́ wí. "Ó ṣe é báyìí. Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Jẹ́jẹ́ tún tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ ń fi ìka lu orí ọkọ̀ níbi tó ti ń kọsẹ̀. Jẹ́jẹ́ rí ìka tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohunkóhun tó bá a mu. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Olùkọ́," ló sọ nígbẹ̀yìn, "etí mi ni kò gbé e."

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kò tíì sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pàápàá. Obìnrin náà kò káàánú rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jẹ́ kí òun bá a gbọ́ ọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe é. Jẹ́jẹ́ ń tẹ iná, ojú rẹ̀ wà lára aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì. Olùkọ́ dúró níwájú ọkọ̀, á sì na ọwọ́ sókè bó bá ti gbọ́ ọ. Wọ́n ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, wọ́n ṣe é nígbà tó gbóná, wọ́n tún gbé e lọ sójú ọ̀nà. Ibì kan náà lórí aago ni ọwọ́ ń gòkè. Jẹ́jẹ́ rò ó. Bó bá jẹ́ kọ́ìlì ni, ìgbà tí ọkọ̀ bá ń fa ẹrù gun òkè ni ì bá máa yọ ọ́ lẹ́nu jù, kì í ṣe lórí ìdúró. Epo kò sì dín. Ohun tí kò bìkítà fún ooru tàbí ẹrù, tó jẹ́ pé eré nìkan ló ń ṣẹ́gun rẹ̀, sìpíríǹgì tó ń ti fáàfù ni, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí epo àti atẹ́gùn ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì. Bí eré bá pọ̀ jù fún un, ilẹ̀kùn ò ní tètè padé, iná á sì ṣòfò.

Ó ń tú ìdérí ẹ́ńjìnnì nígbà tí Olùkọ́ ní, "Bàbá, tẹlifóònù yín ń dún."

Jẹ́jẹ́ bi í pé tẹlifóònù wo. Obìnrin náà nawọ́ sí inú ilé. Ó ní ó ti ń dún tipẹ́, òun rò pé kò fẹ́ gbé e ni. Jẹ́jẹ́ lọ gbé e. Ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀ fún un ni, ó ń ráhùn pé òun ti pè é láàárọ̀, òun pè é lánàá, kò gbé e. Jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó sì béèrè sìpíríǹgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó gbé e kọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ó wo tẹlifóònù náà, ó rántí ọmọ rẹ̀.

Ó padà sídìí ọkọ̀, ó sì bá sìpíríǹgì náà: ó ti ṣẹ́ láàárín, ó sì ṣì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ò ṣe. Olùkọ́ dunnú, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ títí sìpíríǹgì tuntun á fi dé, ó wọ takisí lọ sílé. Jẹ́jẹ́ nìkan ló kù. Ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀.

"Mo pè yín títí, Bàámi," ni ọmọ náà wí. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́ ni."

"Mi ò gbọ́ agogo rẹ̀ ni," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Etí mi ti lọ, ọmọ mi. Mo rò pé ìwọ lo dákẹ́."

Ọmọ náà wá sọ fún un pé òun ti bímọ, obìnrin, ó ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé tẹlifóònù sí ọmọ lẹ́nu. Jẹ́jẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí títí etí fi ń dùn ún. Kò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí ìgbà tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ni ìyá ọmọ béèrè.

Ó fẹ́ ní òun gbọ́. "Rárá," ló ní. "Bá mi sọ ohun tó wí."

Dókítà elétí sọ fún un pé ìró tó bá ga tó sì tín-ín-rín ni etí rẹ̀ kò gbé mọ́, pé èyí tó ti lọ kò ní padà, ariwo ọkọ̀ ló gbé e lọ. Ó fún un ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí, tó ń sọ ìró síbí di ti páànù. Jẹ́jẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ kò kọ́kọ́ gbà kó gbé òun. Kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó yá, ó ń jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Jẹ́jẹ́ múra láti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀, kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́ pé kó dúró. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí mọ́tò fi fẹ́ gbéra. Jẹ́jẹ́ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Kò mọ ohun tó ń sọ, ó ṣáà ń mi orí sí i, títí mọ́tò fi yà kúrò níbẹ̀.