Okéè Tí Mo Fi Dáhùn Àdúrà

Ẹ̀gbọ́n mi tó lọ jagun ní Bọ́mà ló kó ọ̀rọ̀ náà wọ ilé wa ní Ẹ̀pẹ́: okéè. Wọ́n ní àwọn sójà Amẹ́ríkà ló ni ín. Tíṣà mi ní irọ́ ni, òyìnbó kan tí kò mọ̀wé dáadáa ló ṣì í kọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Ẹ̀jìnrìn ní tàwọn ni, pé àwọn baba wọn ti ń pè é kí wọ́n tó bí tíṣà. Èmi ò bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, okéè. Bí ọbẹ̀ bá jinná, okéè. Bí ẹja ìyá Ìlàjẹ bá wọ́n jù tí mo fẹ́ kúrò níbẹ̀, okéè náà ni. Ìyá mi kìlọ̀ títí, ó sú wọn.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira ni mo ń lọ sílé ọkọ ní Ìkòròdú. Ọkọ̀ ti ń dúró létí ọ̀sà, ẹbí ọkọ mi ti jókòó sí pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi wúre fún mi. Nílé wa, àdúrà tí ọmọ kò bá ṣe àmín sí, ilẹ̀ ló já sí. Bàbá gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ẹ̀yìn mi kò ní mọ ẹní, n kò ní fi ẹkún padà wálé. Wọ́n dánu dúró. Ẹnu mi yá.

"Okéè."

Ìyá ọkọ mi fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ọmọ wo ló ń lọ sílé ọkọ láìgba ìre baba rẹ̀?

Ìyá mi bẹ̀bẹ̀ títí lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà fi eékún wọ́ débẹ̀, mò ń sunkún. Ó pẹ́ kí Bàbá tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n tún àdúrà náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń ṣe àmín kí wọ́n tó dánu dúró rárá, títí ohùn mi fi há. Síbẹ̀ wọn ò wò mí lójú.

Bàbá sìn wá détí ọ̀sà. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, n kò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Bàbá mi, tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan lẹ́nu wọn rí, gbọ́wọ́ sókè.

"Okéè."

Mo jókòó gbì. Ẹnu mi là sílẹ̀ títí a fi kọjá Ẹ̀jìnrìn.