Ìwé tí A Kì í Yá Jáde

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òjò sì ń rọ̀ ní Treichville, àdúgbò wa. Mo yà sí yàrá ìkàwé ìjọ wa kí kíláàsì alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, ará Dahomey tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, kì í dáhùn ìbéèrè kankan láìkọ́kọ́ ṣí ìwé ìmọ̀ ńlá tí a kì í yá jáde.

“Bàbá, òkè wo ló ga jù láyé?”

“Doucement, rọra, arákùnrin. Jókòó, ká jọ wá a.”

Lẹ́tà A ló ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, Bàbá!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sọ ọ́, wàá dìde, wàá lọ.”

Mo jókòó.

Láti ọ̀sẹ̀ náà, mo máa ń dé síbẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú kíláàsì. Kò sí ẹlòmíràn tó ń wá bá a jókòó.