Ẹran Tí A Kì Í Fún Ọmọdé

Òórùn ẹran díndín ló máa ń jí wa láàárọ̀ nílé ọkọ mi ní Òṣogbo. Alápatà ni bàbá ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi ló máa ń gé ẹran náà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, á fi iyọ̀ àti ata ra á, á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, kó tó wá dín in nínú òróró gbígbóná. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè ní sitéṣàn báyìí, ìyá ti gbé àtẹ síta. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1960, ọmọ Iléṣà sì ni mí. Òṣómàáló ni ìyá ń pè mí bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn obìnrin náà o, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù rẹ̀ dáadáa.

Ẹran kún ilé wa, ọmọdé kankan ò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ọmọ tó bá tètè mọ adùn ẹran, olè ló máa dà. Nílé ẹlòmíràn ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ṣùgbọ́n nílé àwọn tó ń ta ẹran jẹun, òfin ni. Nígbà tí oyún kejì dé, tí mo gba ọmú lẹ́nu ọmọbìnrin mi àkọ́kọ́, ẹ̀kọ ló kù tó ń mu. Ó ń mu ún láàárọ̀, ó ń mu ún lálẹ́. Lọ́sàn-án, a ó fún un lọ́kà díẹ̀ pẹ̀lú omi ọbẹ̀.

Mo bí àbúrò rẹ̀ tán, a wá rò pé ẹ̀gbọ́n ń sanra ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí rọ́bọ́tọ́, àwọn aládùúgbò sì ń yìn wá pé a ń tọ́jú ọmọ. Àfi ọjọ́ tí mo fi ìka tẹ ẹsẹ̀ náà, tí ojú ibẹ̀ jìn, tí kò padà. Irun orí rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo, awọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Èyí tó já mi láyà jù ni pé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ibi tó o bá gbé e kalẹ̀ sí, ibẹ̀ náà lo máa padà bá a, ojú rẹ̀ á kàn máa wò ọ́ bí ẹni pé gbogbo wa ti sú u. Mo mọ̀ nínú ara mi pé ọmọ mi ń kú lọ.

Ìyá gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan wà ní Iléṣà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní irú àìsàn yìí. Mo pọn àbúrò, ìyá gbé ẹ̀gbọ́n mọ́ àyà, a wọ mọ́tò. Wọ́n dá wa dúró sí wọ́ọ̀dù. Wàrà ni wọ́n ń fún un, díẹ̀díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ò lè gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ara rẹ̀ tó wú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ìyá ní òun gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì wa, àgbà obìnrin kan tó jẹ́ ará ìlú mi. Ó mú ẹran díndín tó dì sínú ewé jáde nínú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́.

“Ta ló dín in, Màmá?”

“Èmi ni. Iṣẹ́ wa nìyẹn.”

“Ṣé ọmọ yìí máa ń jẹ nínú rẹ̀?”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Ọmọdé? Kó lè wá dolè mọ́ mi lọ́wọ́?”

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó tú ewé náà, ó wo ẹran, ó wo ọmọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. “Màmá,” ó ní, “àìrí irú èyí jẹ ló gbé ọmọ yín dé ibí.”

Ó jókòó tì wá. Ó ní nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà, ohun kan wà tó ń jẹ́ purotéènì, pé bó bá dénú wa, ara á tú u sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn lòyìnbó ń pè ní àmáínò ásíìdì. Òun lara fi ń ṣe iṣan, awọ, irun àti ẹ̀jẹ̀, òun náà ló fi ń bá àìsàn jà. Ara lè ṣe àwọn kan nínú wọn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò lè ṣe láéláé, àfi kéèyàn jẹ wọ́n. Ẹ̀wà ní púpọ̀ nínú wọn, ẹran ní gbogbo wọn, ẹ̀kọ nìkan ò sì ní wọn tó. Bí ọ̀kan nínú wọn ò bá sí, iṣẹ́ á dúró, bí ìgbà tí bíríkìlà ní iyanrìn àti omi tí kò ní sìmẹ́ǹtì. Mo kàn ń wo ọwọ́ ara mi ni. Ṣé inú àwo ọbẹ̀ ni èékánná mi yìí ti wá? Ẹnu yà mí.

Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, a padà sí Òṣogbo. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gé ẹran tí kò lọ́ràá, kò fi ata sí i, ó sá a gbẹ, ó gún un lódó títí ó fi kúnná, ó jọ̀ ọ́, ó sì bù ú sínú ẹ̀kọ ọmọ. Bàbá ọkọ mi bi í pé ṣé kò bẹ̀rù olè mọ́ ni. Ó ní, “Bó bá jalè, a ó nà án. Bó bá kú ńkọ́, ta la fẹ́ nà?” Ṣùgbọ́n mo ń rí ìyá tó ń yọ́jú wo ọwọ́ ọmọ náà nígbàkígbà, ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ojú mi báyìí ni irun dúdú ṣe ń hù láti ìdí, tó ń ti pupa síwájú. Mo máa ń ya irun náà sọ́tọ̀ láti wò ó. Awọ tuntun bo ojú egbò. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, oúnjẹ la kàn fún un, ara sì mọ ibi tí yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ń to ẹran sórí àtẹ lẹ́nu ọ̀nà, èmi ń fún àbúrò lọ́mú. Ọmọ tí kì í kúrò níbi tí a bá gbé e sí dìde, ó di ògiri mú, ó ń rìn tàgé-tàgé, títí ó fi dé ẹ̀yìn ìyá àgbà rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú ẹran kan, ó fi pamọ́ sẹ́yìn, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ti ń la ẹnu láti jágbe mọ́ ọn nígbà tí ìyá gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ó ti rí i.

“Má pè é,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Jẹ́ ó gbé e lọ.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìborùn bojú, ó ń sunkún. “Alihamudulilahi,” ó ní. “Ó jí i.” Oníbàárà kan dúró lórí wa tó ń béèrè iye tí à ń tà á, ṣùgbọ́n ọmọ náà ni mo ń wò.

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ wáàsí nípa agbára Ọlọ́run, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ọ̀sán yẹn. Láti ìgbà náà, ọmọdé ilé ló ń kọ́kọ́ tọ́ ẹran wò nílé wa, kò sì sí èyí tó dolè nínú wọn. Tẹ́lẹ̀, gbogbo wa la ti ń ṣọ́ àtẹ ẹran lójú méjèèjì kí ọmọ má baà jí i, láìmọ̀ pé ọmọ gan-an ló ń bọ́ lọ́wọ́ wa.