Agolo Tí Ìyá Gafar Fi Ń Wọn Sóyà

Ní ọjọ́ Àtàláátà, irọ́ mẹ́rin ni Sàfíátù máa ń pa. Ọjọ́ yẹn ló máa ń lọ sí ilé Ìyá Fọláyọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ilé oníyàrá mẹ́rìnlá tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Láwọn ọjọ́ yòókù, irọ́ rẹ̀ kì í ju méjì lọ. Tó bá ti kí ìrun Mọgàríbà tán, á mú tẹ̀sùbáà, á máa tọrọ àforíjì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Pàǹtírí téèyàn bá ń gbá lójoojúmọ́ kì í di òkìtì.

Irọ́ kan náà ni, ilé ló yàtọ̀. Ìyá Gafar tó ń ta ìyẹ̀fun sóyà ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ó sì ń tà á lóòótọ́: agolo mílíìkì ló fi ń wọ̀n ọ́n, kì í sì í ṣahun ènì. Ṣùgbọ́n nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tí kì í sanwó. Ẹni yẹn ló tìtorí rẹ̀ wá. Á bi í léèrè oògùn rẹ̀, á rán an létí ọjọ́ ọsibítù, á sì fi tépù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ rẹ̀: pupa ni pé ebi ti dé egungun, ìyeyè ni pé ẹ ṣọ́ra, àwọ̀ ewé ni àlùbáríkà. Kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ọmọ tó wá wọ̀n, gbogbo ọmọ ilé ló máa ń wọ̀n. Àwọn èèyàn rò pé bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà lóde òní nìyẹn.

Ọ́fíìsì ìlera kan ní Àpápá ló gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, nítorí kòkòrò tó wà lára àwọn tó ń bẹ̀ wò wà lára òun náà, ọdún kẹtàlá rèé. Awakọ̀ tírélà ni Àlíù ọkọ rẹ̀. Ó lọ tò sórí ìlà ní èbúté Tin Can fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó mú nǹkan méjì bọ̀ wálé: àpò ráìsì kan àti HIV. Ráìsì ti tán. Àlíù ti kú. Sàfíátù ń lo oògùn kan láràárọ̀, ó sì sanra ju àwọn tó ń ṣàánú opó lọ.

Ó gba Ọlọ́run gbọ́, ìyẹn ò lárìíyànjiyàn. Ohun tí kò dá a lójú ni bóyá Ọlọ́run ń gba irọ́ àánú. Ó ti dọ́gbọ́n bi àáfà rí.

"Àáfà, téèyàn bá purọ́ kí ilé kan má baà dà ńkọ́?"

"Ilé ta ni?"

"Ilé obìnrin kan báyìí ní Coconut."

Kò mọ obìnrin kankan ní àdúgbò Coconut. Irọ́ ọjọ́ yẹn di mẹ́ta.

Suwaibat ni ẹni tirẹ̀ ní ilé Ìyá Fọláyọ̀. Apá ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù méje, ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní pupa bọ́ sí ìyeyè ni. Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Fọláyọ̀ tó ni ilé rí ìgò oògùn HIV nínú yàrá ayálégbé kan tó ń jẹ́ Lazarus. Kó tó di ọ̀sán, ìbùsùn Lazarus ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. "Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò," bí ó ṣe wí nìyẹn. Suwaibat gbọ́ ọ. Kò sì níbòmíì tó lè gbé ọmọ lọ.

Ìgbà yẹn ni Obinna láti ọ́fíìsì Àpápá fi fóònù pe Sàfíátù.

"Mama, àlejò kan ń bọ̀ o, láti Zambia. Irú iṣẹ́ yín yìí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń ṣe é."

"Ẹ má gbé mọ́tò tí wọ́n kọ nǹkan sí lára wá o."

"Mama, no wahala."

Obinna mú ìlérí ṣẹ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan ni àlejò náà, ẹlẹ́rìn-ín. Ara aṣọ rẹ̀ ni wọ́n kọ nǹkan sí, léde òyìnbó, lẹ́tà pupa gàdàgbà: MO NÍ HIV, MO SÌ WÀ LÁÀYÈ.

Sàfíátù kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Obinna, kí lèyí?"

"Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, Mama. Ó ní ojú ò ti òun."

"Òtútù ń mú un," ni Sàfíátù wí, ó sì da ìborùn rẹ̀ bo àlejò láti ọrùn dé ìdí. Oòrùn wà lójú ọ̀run bí ọjọ́ mìíràn. Ó ka òtútù yẹn mọ́ irọ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n wọ àgbàlá. Ìyá Fọláyọ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn ọmọ ti na apá, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Sàfíátù wọ̀n wọ́n títí ó fi kan ọmọ Suwaibat. Tépù ṣì wà lápá ọmọ náà nígbà tí òógùn bo àlejò. Ó tú ìborùn, ó fi nu ojú, ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo ilé.

Ìyá Fọláyọ̀ fi awò sójú. Ó ka aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìyá Gafar."

"Mà?"

"Àlejò ta nìyí?"

Ojú Ìyá Fọláyọ̀ kúrò lára aṣọ, ó lọ sára tépù, ó ń gòkè lọ bá ojú Suwaibat. Irọ́ mẹ́ta ti wà lẹ́nu Sàfíátù: pé òkìríkà laṣọ náà, pé àlejò ò mọ̀wé, pé orúkọ àwọn olórin kan ni. Gbogbo wọn ló dára. Ó gbé wọn mì.

"Àlejò mi ni. Èmi ló wá wò. Mo ní in, ọdún kẹtàlá rèé."

"Kí lo ní?"

"Ohun tí ẹ kà yẹn, mà."

"Sóyà tí mò ń mu láràárọ̀ nítorí orúnkún mi ńkọ́?"

"Sóyà ni, mà."

"Ọwọ́ yẹn lo fi ń wọ̀n ọ́n!"

"Agolo ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mà."

Àlejò bi Obinna léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Obinna ní wọ́n ń jíròrò lórí ọjà.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wọlé!" ni Ìyá Fọláyọ̀ pariwo. Suwaibat já tépù kúrò lápá ọmọ, ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó, ó bá àwọn yòókù wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an nìyẹn. Síbẹ̀, ó dun Sàfíátù.

Lẹ́yìn Mọgàríbà, ó mú tẹ̀sùbáà. Yàtọ̀ sí irọ́ òtútù, kò rí nǹkan kan kà. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kí òótọ́ mìíràn má baà hàn. "Ọlọ́run, èwo lèyí?" ló béèrè. Ọlọ́run kò dáhùn. Sàfíátù kò bínú, tàbí kó jẹ́ pé ó bínú díẹ̀.

Ó padà lọ ní Àtàláátà tó tẹ̀ lé e, nítorí apá ọmọ ò lè kúrò ní ìyeyè fúnra rẹ̀. Ó jókòó pẹ́, ẹnì kan ò jáde. Nígbà tó yá, Ìyá Fọláyọ̀ yọ, ó gbé agolo kókó ńlá kan dání.

"Agolo tèmi la ó lò. Èmi ni mo sì máa bù ú."

"Kò burú, mà."

"Kí lò ń wò? Orúnkún mi ò mọ̀ pé o lárùn. Sóyà ló mọ̀. Eélòó?"

"Iye àtijọ́ náà ni, mà."

Agolo kókó yẹn fi ìdajì ju agolo mílíìkì lọ. Sàfíátù la ẹnu àpò fún un. Àwọn ilẹ̀kùn yòókù bá ṣí, oníkálukú gbé agolo tirẹ̀ wá, kò sí èyí tó kéré. Suwaibat ló jáde kẹ́yìn, abọ́ ló gbé wá, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bu sóyà, ó tún bu, kò sanwó, kò sẹ́ni tó kíyè sí i nínú èrò.

"Ẹ ju tépù yẹn sí mi jàre, Ìyá Gafar," ni ó wí, ohùn rẹ̀ le. "Mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́. Èmi á wọ̀n ọ́n fúnra mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Fọláyọ̀ wí.

Sàfíátù ju tépù náà. Suwaibat sọ ọmọ kalẹ̀, ó kẹ̀yìn sí Sàfíátù, ó wé tépù mọ́ ọmọ lápá, ó sì kéde rẹ̀ fún ògiri:

"Ìyeyè ni. Àmọ́ ó ti fẹ́ kan ewé."

Sàfíátù ń di àpò rẹ̀ tó ti ṣófo. "Ọlọ́run á fi kún un," ló wí, kò sì wo ẹnikẹ́ni.